Ọta ìbọn afẹ́fẹ́: èwo ni kí ẹ rà?

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn, nítorí náà ẹni tí kò bá tíì gba ìwé kò tíì ní ohun tí yóò fi ọta ṣe. Ẹ̀yin tí ìwé yín pé, tí ẹ fẹ́ máa yìn sí bébà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

A kì í kọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbọn. Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ̀ ẹ́ dó. Àmọ́ ẹni tó ti ń ki ṣakabùlà láti kékeré lè ṣi ọta yìí rà, torí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹ mú ẹyọ kan wò: ó rí bí gángan kékeré, ó ní orí, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ ṣófo. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tì í lẹ́yìn, etí ìdí yẹn á fẹ̀, á fún mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, atẹ́gùn ò sì ní ráyè sá kọjá. Ìdí ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni oníṣòwò máa ń polówó.

Pẹrẹsẹ tàbí roboto

Olórí pẹrẹsẹ máa ń lu ihò tó mọ́ rekete sára bébà, kò sí àríyànjiyàn lórí máàkì. Òun ni wọ́n ń lò nínú ìdíje mítà 10, èyí tó wọ Òlíńpíìkì ní 1984. Ní ti ìbọn gígùn, àárín gbùngbùn tó ń gba máàkì 10 kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá bíi mítà 25, ó máa ń ṣe ségesège. Ibẹ̀ ni olórí roboto ti gba ipò, torí afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Olórí ṣóńṣó ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ máa ń tẹ̀ nínú agolo. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti fífẹ̀ ọta, 4.5 tàbí 5.5 mìlímítà, ohun tí wọ́n kọ sára ìbọn yín ló máa sọ èyí tí ẹ máa rà. Ti 4.5 fúyẹ́, bí ìdajì gíráàmù ni, 5.5 wúwo jù ú lọ, ó sì máa ń tètè wálẹ̀.

Òjé tàbí tánganran

Òjé rọ̀, ó ń di ọ̀pá ìbọn mú dáadáa, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti tánganran. Àmọ́ májèlé ni: ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé ló pa ọ̀pọ̀ ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Ẹni tó ń kó ọta sẹ́nu kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, kí ó jáwọ́ níbẹ̀, kí gbogbo wa sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí á tó jẹun. Ọta tánganran fúyẹ́, ó le, ọ̀pọ̀ ìbọn ni kì í sì í kó ihò rẹ̀ jọ sójú kan bíi ti òjé. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ inú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni, èmi á san owó rẹ̀.

Ohun tí n kò ní rà rárá fún ọ̀pá tó ní ìlà lílọ́ nínú ni ọta irin roboto tí wọ́n fi bàbà kùn. Ó ń ha ìlà náà, ó sì lè ta padà sójú ẹni. Ẹ mú òòfà inú sípíkà rédíò àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ da díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣàánú ẹrù, ọta tó sì ti gbọ̀n jìgìjìgì wá láti Ìbàdàn lè ti tẹ̀ ní ìdí. Bó bá pọ̀, ẹ má dúnàá-dúrà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ra agolo kékeré oríṣi méjì, ẹ yin márùn-ún márùn-ún láti mítà 10. Èyí tí ìdérí ìgò mínírà bá bo ihò rẹ̀ márààrún mọ́lẹ̀, ẹ padà lọ ra púpọ̀ nínú rẹ̀, kí nọ́ńbà ara agolo, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n pọ̀, sì bára mu.