Ọkà, Gbẹ̀gìrì àti Rìmóòtù Ìyá Ọlọ́kà ní Bódìjà

Ẹ jẹ́ ká ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ ni wọ́n ń tà ní búkà Ìyá Ọlọ́kà ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ọkà wọn dára. Èlùbọ́ iṣu gidi ni wọ́n fi ń ro ó, ó dú, ó ń dán, kò ní kókó rárá, gbígbóná ni wọ́n sì máa ń bù ú fún yín. Gbẹ̀gìrì gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Ọlọ́kà. Wọ́n ń bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní rí èèpo kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kò ki jù, kò sì ṣàn. Ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja ewédú, ẹni tó bá ti jẹ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ rí á mọ ìyàtọ̀. Ata wọn ta níwọ̀n. Ẹran ni mo ní ẹjọ́ lé lórí: ó wọ́n ju ti àwọn yòókù ládùúgbò lọ, wọ́n sì máa ń gé ṣàkì wẹ́wẹ́ bí ẹni pé ọmọ ìkókó ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ ra pọ̀nmọ́, tàbí fùkù bó bá ṣẹ́kù. Ẹ fi ẹja sílẹ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ikùn. Ọkà tó dáa ò wọ́n ní Ìbàdàn, ẹ̀yin náà sì ti ní ibi tí ẹ ti ń jẹ tiyín. Ohun tó ń mú èmi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Èkótẹ̀dó, tí mo fi ń wọ mọ́tò lọ sí Bódìjà nínú oòrùn ọ̀sán, ni tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, àti àwọn èèyàn tí wọn ò mọ ara wọn rí tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jiyàn bóyá Ọlọ́run wà.

Iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà bí oníṣẹ́. Ó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà. Iná ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ ti kú ní igun òsì nísàlẹ̀, òkùnkùn sì máa ń bo orúkọ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà ìròyìn. Èéfín àti ọ̀rá ti dí àwọn ihò tó fi ń mí. Mo ti sọ fún Ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ ṣe fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní bí òun bá fi ògiri lásán sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ta ni yóò wá jẹun? Wọn ò purọ́.

Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ìyá ló ni rìmóòtù. Ìdí ìró wọn ló ń gbé, pẹ̀lú owó. Bó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀sán Jímọ̀, wáàsí. Bí bọ́ọ̀lù bá wà, bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tó kù, ohun tó bá wu Ìyá ni gbogbo wa ń wò, èyí sì sábà máa ń jẹ́ fíìmù tí babaláwo ti ń sọ èèyàn di ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jẹun bá fẹ́ dá ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n lóhùn, kó gbé ọwọ́ òsì sókè (ọ̀tún wà nínú ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á sí àrífín). Ìyá á fa rìmóòtù yọ, wọ́n á pa ohùn rẹ̀, ẹni náà á sọ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà náà á sì ráyè fèsì. Lẹ́yìn náà ni ohùn á tó padà dé. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lu tábìlì. Wọ́n á mú ẹran kúrò nínú abọ́ ẹni tó bá lù ú. Ó ṣojú mi, wọn ò sì dá owó ẹran náà padà.

Ní ọ̀sán kan báyìí, wòlíì kan na ọwọ́ sí wa láti inú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí àwọn tó ń wo òun gbé ọwọ́ lé ibi tó ń dùn wọ́n. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé orúnkún, ọwọ́ kejì ń bá òkèlè lọ. Alfa kan tó ń ta pákó lọ́jà pákó tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

"Alfa, kí lẹ ń rín?"

Ọwọ́ òsì Alfa gòkè. Ohùn wòlíì wọlẹ̀. Alfa ní òun ò fi àdúrà rẹ́rìn-ín o, àdúrà ń gbà. Nọ́ńbà báńkì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ló pa òun lẹ́rìn-ín. Ìyá ìjọ ní, "Sàráà tí àwọn èèyàn ń kó fún ẹ̀yin alfa ńkọ́, ṣé ọ̀run lẹ ń fi í ránṣẹ́ sí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni bàbá kan gbé ọwọ́ sókè láti kọ̀rọ̀.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ṣòkòtò káákì penpe ni wọ́n máa ń wọ̀, bíi ti Tai Solarin, torí wọ́n lọ sí Mayflower, iléèwé tí Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ẹni tó bá ti dàgbà tó mi á rántí Solarin, tó kú ní 1994: ní gbangba ló máa ń sọ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, nílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti ń ṣe àmín sí ohun gbogbo. Tíṣà gba ẹ̀kọ́ náà dénú egungun. Wọ́n ní ní 2004, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ yé gbé iṣẹ́ ìyanu tí ẹnikẹ́ni ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde. Tíṣà ní, "Iṣẹ́ ìyanu tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló ń sá fún ìwádìí sí?"

Ìyá ìjọ nu ọwọ́ wọn. "Tíṣà, nígbà tí ìyá yín sọ fún yín pé bàbá yín ni bàbá yín, ìwádìí wo lẹ ṣe?"

"Ẹ wo imú mi," Tíṣà ní. "Imú bàbá mi nìyí. Ẹ fi imú Ọlọ́run hàn mí."

Èmi náà gbé ọwọ́. Mo gbà pé Ọlọ́run wà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kérúbù ni ìyá mi, èmi alára sì ń kírun, mo sì ń jẹ ọdún méjèèjì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ mi. Ẹni tó ń wo kámẹ́rà ò rí wa. Gíláàsì dúdú ló ń wò, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ká ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá ìjọ ní, "Ọlọ́run ńkọ́, ṣé wọ́n ká òun náà sílẹ̀ ni?" Mo bu òkèlè.

Tíṣà wá bi wá pé ṣé a mọ ohun tó gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí Ìbàdàn. Mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ní 1953, Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, sọ̀rọ̀ sí Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé tiwọn kalẹ̀: ní ọjọ́ 31 oṣù October ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n tiẹ̀ ń pe ara wọn ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. (Mòrókò ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ Ìbàdàn.) "Ẹni tí wọ́n bú tí wọn ò jẹ́ kó fèsì ló kọ́ ilé tẹlifíṣọ̀n," Tíṣà ní. "Lónìí, pásítọ̀ ń sọ, alfa ń sọ, olóṣèlú ń sọ. Ta ló ń fèsì?"

"Ẹ̀yin lẹ ń fèsì láti àárọ̀," Ìyá dáhùn láti ìdí ìkòkò. "Ọkà yín ti ń tutù."

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Mi ò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan lọ́kàn tí èèyàn ti lè na ọwọ́ sókè láàárín ìwàásù pé òun ò gbà. Bí ẹ bá ń bá tẹlifíṣọ̀n jà nílé, ìyàwó yín nìkan ló máa gbọ́. Lọ́dọ̀ Ìyá, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ máa ń sọ ọ́ lójú alfa àti ìyá ìjọ, wọ́n á fèsì, wọ́n á sì jọ bọ omi fọwọ́. Ẹ má rò pé ohun kékeré ni ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ Yunifásítì kan tó ń kọ́ nípa òfin ló mú ọ̀rọ̀ Mubarak Bala, ọmọ Kánò tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, wá lọ́jọ́ náà. Ohun tí Bala kọ sórí Facebook nípa ẹ̀sìn ni wọ́n fi mú un ní 2020. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní Kánò rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. Bẹ́ẹ̀ abala 38 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo wa lómìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Gbogbo ojú yí sí Alfa. Ó jẹ ẹran rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú Ànọ́bì lójú òun, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fẹ́ ṣe fún Ànọ́bì.

Ìbéèrè tó dáa jù tí mo tíì gbọ́ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ló bi í. Ó gbé omi fún Tíṣà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Bí wọ́n bá mú yín dé kóòtù, kí lẹ máa fi búra?" Bíbélì ń bẹ fún Kìrìsìtẹ́nì, Kùránì fún Mùsùlùmí, irin fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Tíṣà ní òfin gbà kéèyàn kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ láìfi nǹkan kan búra, ìjìyà ẹni tó bá purọ́ ò sì yàtọ̀.

"Ó wá jẹ́ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan ló ń bà yín?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé ẹ̀rù Ọlọ́run ni ò jẹ́ kí o jí ẹran Ìyá jẹ?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rù Ìyá ni."

Àléébù wà. Àwọn ọmọbìnrin yẹn kì í sábà ráyè sọ̀rọ̀. Abọ́ ni wọ́n ń sáré kó, òfin ọwọ́ òsì ò kàn wọ́n, torí ọwọ́ wọn méjèèjì kún. Ìyá sì ní ojúsàájú ní ti fíìmù. Onífá kan gbé ọwọ́ nígbà tí babaláwo inú fíìmù ń pa ẹyẹ lójú oorun ẹnì kan. Ó fẹ́ sọ pé Ifá ni bàbá òun fi tọ́ òun, kò sọ aládùúgbò kankan di ewúrẹ́, pé UNESCO pàápàá ti kọ Ifá mọ́ ogún àṣà àgbáyé ní 2008. Ìyá ní kó ní sùúrù dìgbà tí wọ́n bá fi ìpolówó sí i, torí ibi tó dùn ni wọ́n dé. Nígbà tí ìpolówó dé, ọkùnrin náà ti sanwó, ó ti lọ. Mo sọ fún Ìyá pé wọn ò ṣe é dáadáa. Wọ́n ní ṣé kí àwọn fi ẹran sí i fún mi, àbí n ò gbà? Mo gbà.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń bo ọ̀rọ̀ ẹni tó bá jókòó síta. Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì, abẹ́ fáànù. Bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ní ìṣó tó ti ya aṣọ èèyàn rí. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onípákó, kí ẹ kí wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọkà ìwọ̀n kan jẹ́ ₦300, pọ̀nmọ́ ₦400, ṣàkì ₦700. Ẹ má lọ lẹ́yìn aago mẹ́ta, gbẹ̀gìrì á ti tán, ewédú nìkan ló máa kù. Wọ́n ń gba tránsífà, àmọ́ ẹ mú owó dání, torí Ìyá ò tún tà láwìn mọ́. Wọ́n ní onígbàgbọ́ jẹ àwọn lówó, Mùsùlùmí jẹ àwọn lówó, Tíṣà tí kò gbà pé Ọlọ́run wà sì jẹ gbèsè gbẹ̀gìrì láti oṣù tó kọjá.