iPhone tòkunbọ̀ àbí Android: èwo ni wọ́n máa rí fọ́tò rẹ̀ tẹ̀ ní Sábó, Ìkòròdú?

Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tó máa fi ṣiṣẹ́ fọ́tò, yálà òwàm̀bẹ̀ ló ń yà káàkiri Ìgbógbó àti Ìjẹdè, tàbí aṣọ àti ìpara tó ń tà, kámẹ́rà ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kámẹ́rà àwọn méjèèjì dára, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni irú fáìlì tí fóònù náà ń fi fọ́tò pamọ́ sí, àti ẹni tó máa ṣí i.

Láti ìgbà tí iOS 11 ti jáde lọ́dún 2017, iPhone 7 àti àwọn tó tẹ̀lé e ń fi fọ́tò pamọ́ sí HEIC, àfi tí ẹ bá yí i padà. Tecno, Infinix àti Samsung, JPEG ni wọ́n máa ń lò. JPEG ti wà láti 1992, kò sí kọ̀ǹpútà kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ká sọ tòótọ́, HEIC ní ọgbọ́n nínú: fáìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti JPEG, fọ́tò kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n HEVC tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ ní àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ tí wọ́n sì ń gbowó, wàhálà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé fọ́tò yẹn dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Onítẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti mọwọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kì í fẹ́ yí nǹkan kan padà lórí kọ̀ǹpútà náà mọ́. Bó bá ń lo Windows 7, HEIC kò ní ṣí fúnra rẹ̀. Bó bá ń fi CorelDRAW X7 tàbí Photoshop CS6 ṣètò fọ́tò, kò ní wọlé, nítorí 2014 àti 2012 ni àwọn yẹn jáde, HEIC ò tíì dé orí fóònù nígbà náà. Bó bá ń lo Windows 10, ohun méjì ló nílò láti Microsoft Store: HEIF Image Extensions, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti HEVC Video Extensions, tí wọ́n ń ta ní sẹ́ǹtì 99 owó Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ti ọ̀fẹ́ nìkan, fọ́tò ò sì ní ṣí síbẹ̀. Ta ló fẹ́ wá káàdì tó ń san dọ́là ní ọ̀sán Sátidé tí oníbàárà ti dúró sí i lórí? Bó tiẹ̀ gba méjèèjì, áàpù Photos á ṣí i, CorelDRAW àtijọ́ ò ní gbà á.

Àwọn kan á ní kí ẹ yí orúkọ fáìlì láti .heic sí .jpg. Ẹ má dá wọn lóhùn: orúkọ lẹ yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò yí.

WhatsApp náà ní tirẹ̀. Onítẹ̀wé á ní kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi document kí ó má baà dínkù, òótọ́ ló sì sọ, àmọ́ HEIC gan-an ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán tí ẹ ò yan HD, JPEG ló máa dé, ṣùgbọ́n á ti kéré sí nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 1600 ní gígùn. Ìyẹn tó fún fọ́tò kékeré. Fún fírémù 10x12, ojú ìyàwó á rí bàìbàì. Fọ́tò 4032x3024 tí kò dínkù ló máa kún fírémù yẹn dáadáa, ní píksẹ́ẹ̀lì 300 fún ínṣì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ra iPhone náà, kó ṣe èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: Settings, Camera, Formats, Most Compatible. Láti ìgbà náà lọ, JPEG ni. Àwọn tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ ò ní yí. Fún ìyẹn, ẹ fi wọ́n sínú áàpù Files, ẹ tẹ fọ́tò náà mọ́lẹ̀, Quick Actions, Convert Image, JPEG. iOS 16 ló mú èyí wá, iPhone 7 sì dúró sí iOS 15, nítorí náà iPhone 8 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Tí ẹ bá fi wáyà kó fọ́tò lọ sórí Windows, tó sì já láàárín pé "A device attached to the system is not functioning", ètò tí wọ́n ń pè ní Automatic ló fà á, torí fóònù ń yí fọ́tò sí JPEG bó ṣe ń kó o lọ. Tí ẹ bá yan Keep Originals dípò rẹ̀, kò ní já mọ́; abẹ́ Photos ló wà nínú Settings. Ṣùgbọ́n HEIC náà lẹ tún máa bá níbẹ̀.

Android ò mọ́ tónítóní. Lórí àwọn Samsung kan, "High efficiency pictures" wà nínú ètò kámẹ́rà. Tí ọmọdé bá ti tàn án, HEIC náà nìyẹn. WebP, irú fáìlì fọ́tò míì tí ẹ lè gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì, ò mọ fóònù kankan yàtọ̀: Photoshop tó ti pẹ́ ju 2022 lọ kò ní ṣí i fúnra rẹ̀.

Fídíò: iPhone. Àwọ̀ lórí bébà: ti iPhone lè ṣá díẹ̀ bí ẹ̀rọ onítẹ̀wé ò bá ka Display P3, ìyẹn ètò àwọ̀ tí iPhone ń lò. Bátìrì tòkunbọ̀: ẹ wo Battery Health.

Bó bá jẹ́ pé Instagram ni gbogbo fọ́tò yín ń lọ, tàbí MacBook lẹ ń lò nílé, iPhone á tẹ́ yín lọ́rùn. Bó bá jẹ́ bébà ni oníbàárà ń sanwó fún, Android ni, owó tó ṣẹ́ kù á sì ra ìmọ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Èyíkéyìí tó bá wù yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ya fọ́tò kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document sí ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dúró títí á fi sọ pé òun ti rí i nínú CorelDRAW.