Suzuki SV650S àlòkù: ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń bàjẹ́

Nínú àwọn páwà-báìkì àlòkù tí owó wọn kò gunni lápá ní Ìlú Ọba, Suzuki SV650S ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí báìkì kékeré 125cc. Ẹ́ńjìnnì 645cc ló gbé, sílíńdà méjì tó ya sọ́tọ̀ bíi lẹ́tà V, agbára rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí ẹṣin 70. Àwọn báìkì 600cc oní-sílíńdà mẹ́rin ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ agbára tiwọn òkè lọ́hùn-ún ló wà, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké tantan kí ẹ tó rí i. Ti SV nísàlẹ̀ ló wà, níbi tí èèyàn ti ń lò ó lójú títì: ẹ fa iná díẹ̀ nínú jíà kẹta, á gbé yín kọjá bọ́ọ̀sì láìpariwo.

Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára, ó sì ń pẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń tan oníbàárà jẹ. Ẹni tó ń tà á á sítáàtì rẹ̀, á dún kíkankíkan, oníbàárà á yọwó. Nǹkan tó yí ẹ́ńjìnnì náà ká ló ń jẹrà: páìpù èéfín, kálípà, ṣọ́kì, wáyà iná. Suzuki fi owó ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá ṣọ́wó lórí ọ̀dà àti bóòtù. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kì í dárí ji irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, báìkì tó ti rin 30,000 máìlì tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń fi gíríìsì tọ́jú dára ju èyí tó rin 9,000 tó sùn síta lábẹ́ òjò lọ́dún méje. Àwọn tó ń fi máìlì nìkan díwọ̀n iye tí wọ́n máa san, owó ni wọ́n ń sọ nù.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá lọ́jà. Ti 1999 sí 2002 ń lo kábúrétọ̀, férémù rẹ̀ rí roboto, àwọn oníbáìkì ń pè é ní curvy. Ní 2003, férémù tuntun onígun dé, fuel injection, tó ń fún epo wọ ẹ́ńjìnnì, sì gba ipò kábúrétọ̀. Ìyẹn ni pointy. Ní 2007 wọ́n fi pílọ́ọ̀gì kejì kún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá fún bíréèkì, náà sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó rẹ̀. SV650 tó padà jáde ní 2016 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò ní fèérìn (ìbòrí tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró níwájú), hándù rẹ̀ sì ga. Lẹ́tà S tó wà lẹ́yìn orúkọ ló ń sọ fún yín pé fèérìn wà níwájú, pé hándù sì wálẹ̀ bíi ti báìkì eré ìje. Ọrùn ọwọ́ á sọ fún yín bí ẹ bá wà nínú gosiló fún wákàtí kan.

Bó bá jẹ́ pé ẹ lè yàn, ẹ mú ti 2003 sókè. Curvy dára o, àmọ́ èyí tó ti dúró fún oṣù púpọ̀ pẹ̀lú epo nínú kábúrétọ̀ á ti dí, kò sì ní dúró dáadáa lórí iná kékeré títí wọn yóò fi tú kábúrétọ̀ méjèèjì fọ̀. Epo E10, tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tó di epo ojoojúmọ́ ní Ìlú Ọba láti oṣù kẹsàn-án 2021 kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. E5, tí ethanol rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ máa rà fún curvy.

Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tún ní nǹkan mìíràn láti rò. ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tó ń tú èéfín burúkú ti ń sanwó, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, £12.50 sì ni owó ọjọ́ kan fún alùpùpù tí èéfín rẹ̀ kò dé ìwọ̀n Euro 3. Báìkì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù keje 2007 sábà máa ń dé ibẹ̀. Àwọn kan tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ náà ń dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ nọ́ńbà báìkì náà sí ojú ìwé TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Ní ti A2, ìwé àṣẹ alùpùpù tó ní gbèdéke agbára, báìkì yìí bófin mu bí wọ́n bá ti dín agbára rẹ̀ kù sí 35 kW. Ẹ gba rìsíìtì ẹni tó dín in kù.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ọwọ́ lórí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́. Bó bá ti gbóná, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi pa mọ́, tàbí kí ẹ jókòó kó tutù. Ohun tí ẹ̀ ń tẹ́tí sí ni ìró gbagba-gbagba láti ẹ̀gbẹ́ sílíńdà ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Bó bá parẹ́ kíá, kò sí wàhálà. Bí kò bá lọ, ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì mọ́ra ti ń rẹ̀ ẹ́. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, méjèèjì ni kí ẹ sì ṣírò sínú owó tí ẹ máa dín.

Ẹ̀sùn tí gbogbo ẹni tó mọ SV mọ̀ ni omi tó ń wọ pílọ́ọ̀gì iwájú. Sílíńdà iwájú kọjú sí táyà, gbogbo omi títì tí táyà bá fọ́n, ojú rẹ̀ ló ń bá. Suzuki lu ihò tín-ín-rín kan sí kòtò pílọ́ọ̀gì náà kí omi lè máa ṣàn jáde, àmọ́ ẹrẹ̀ àti ìpẹtà á dí ihò ọ̀hún, kòtò á kún, iná pílọ́ọ̀gì á kú. Báìkì á wá máa fi sílíńdà kan ṣoṣo rìn nínú òjò, á tún ya bó bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pààrọ̀ kọ́ìlì àti wáyà lórí ọ̀rọ̀ tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ì bá ti parí. Ẹ ti wáyà náà bọ ihò ọ̀hún kó mọ́, ẹ fi gíríìsì sílíkóònù yí etí ìderí pílọ́ọ̀gì ká, kí ẹ sì lẹ ike gígùn mọ́ ìsàlẹ̀ màdígáàdì iwájú. Bí ẹ bá rí ike yẹn lára báìkì tí wọ́n ń tà, ẹni tó ni ín mọ ohun tó ń gùn. Bí pílọ́ọ̀gì iwájú bá ti pẹtà mọ́ orí sílíńdà torí kò sẹ́ni tó tú u rí, ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná an. Rédíétọ̀ ló wà níwájú rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ọ̀lẹ sì máa ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan.

Ìkejì ni iná. Ẹ mú mítà tó ń wọn iná dání. Bí báìkì bá ti dúró dáadáa láìtan nǹkan kan, bátìrì yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.6 volt. Ẹ sítáàtì, ẹ gbé e dé 5,000 rpm, kí ẹ tan iná iwájú: láàárín 13.5 sí 15 ló yẹ kó wà. Tí kò bá tó 13, bátìrì kò rí oúnjẹ jẹ. Bó bá kọjá 15.5, rẹ́gúlétọ̀, ohun tó ń darí iná tó ń lọ sí bátìrì, ti fẹ́ se bátìrì jinná. Kí ẹ tó dá rẹ́gúlétọ̀ lẹ́bi, ẹ tú ibi tí wáyà mẹ́ta láti ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ ọn. Bí ike ibẹ̀ bá ti di àwọ̀ kọfí tàbí tó yọ́, ibẹ̀ ni iná ti ń jó sọnù, rẹ́gúlétọ̀ tuntun á sì kú bíi ti àkọ́kọ́ bí ẹ kò bá gé ibẹ̀ tún un ṣe. Rẹ́gúlétọ̀ oríṣi MOSFET kì í gbóná bíi ti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá ti fi sí i tí rìsíìtì sì wà, kó béèrè owó díẹ̀ lé e, kò jẹ̀bi.

Ọ́ìlì kò le: 10W-40 tí wọ́n kọ JASO MA (àmì ọ́ìlì alùpùpù) sí lára, ní 6,000 kìlómítà sí 6,000. Ọ́ìlì mọ́tò tó dín ìfọwọ́rà kù á mú kí kíláàṣì máa yọ̀, torí inú ọ́ìlì kan náà ló ń gbé. Iṣẹ́ tí àwọn olówó ń sá fún ni ti fáálù, ní 24,000 kìlómítà, ìyẹn nǹkan bí 15,000 máìlì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá; àlàfo ti ìwọlé jẹ́ 0.10 sí 0.20 mm, ti ìjáde 0.20 sí 0.30. Wákàtí púpọ̀ lówó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà báìkì tó ti rin 18,000 máìlì láìsí ìwé pé wọ́n wò ó, ẹ yọ owó náà kúrò lórí iye tí wọ́n pè. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé “fáálù SV kì í yí,” ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kó fi ìwé tì í lẹ́yìn.

Bíréèkì iwájú jẹ́ dísìkì méjì oní 290 mm pẹ̀lú kálípà tó ń yọ́ lórí pín-ìn-nì. Ìpẹtà ló ń pa wọ́n. Ẹ fún bíréèkì, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti báìkì: ó yẹ kó yí fàlàlà. Bí ó bá ń fà, pín-ìn-nì ti há tàbí písítìnì ti pẹtà. Kò wọ́n láti tún ṣe, àmọ́ ọjọ́ kan gbáko ni. Ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ tín ju wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ fi kálípà ìwọ̀n wò ó. Bóòtù tó de páìpù èéfín mọ́ sílíńdà iwájú máa ń kán bí wọ́n bá fẹ́ tú u. Tó bá ti rí bíi pákó tí ikán jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án títí mẹkáníìkì tó ní iná gáàsì yóò fi dé.

Ṣọ́kì iwájú ni mo kà sí àléébù gidi kan ṣoṣo tí báìkì yìí bá kúrò ní ilé iṣẹ́. Ó rọ̀ jù. Èèyàn tó bá tó kílò 80 á fún bíréèkì, imú báìkì á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ilẹ̀. Sípíríìnì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ àti ọ́ìlì tuntun ń wò ó sàn, ìyẹn sì wúlò ju sàlẹ́ńsà aláriwo tí wọ́n sábà máa ń fi sí i lọ. Ní ẹ̀yìn, irin tó so ṣọ́kì mọ́ férémù kò ní ibi tí èèyàn lè fa gíríìsì sí, omi sì ń rọ̀ sórí rẹ̀ tààrà. Ẹ gbé ẹ̀yìn báìkì sókè lórí dúró-dúró, ẹ mi táyà sókè sódò: bó bá ń gbọ̀n, báárìn ti jẹ. Níwájú, ẹ gbé táyà sókè kí ẹ yí hándù díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń kọ́ síbì kan ní àárín gbùngbùn, báárìn ọrùn ló fẹ́ pààrọ̀.

Ṣéènì tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ìwọ̀n 525 ni. Ẹ fà á sẹ́yìn lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Tí ìdajì eyín bá yọ síta, ó ti parí, ẹ sì máa ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Táyà jẹ́ 120/60 iwájú, 160/60 ẹ̀yìn, méjèèjì íńṣì 17. Nọ́ńbà mẹ́rin ìparí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT ara táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Òfin ní kí eyín táyà má dín ní 1 mm, àmọ́ táyà tó ti pé ọdún mẹ́wàá á le bí igi láìka bí eyín rẹ̀ ṣe jìn tó.

Báìkì tó ti ṣubú máa ń fi ara hàn ní ìpẹ̀kun hándù, ní etí ẹsẹ̀ ìtẹ̀, àti ní ìdérí ẹ́ńjìnnì òsì àti ọ̀tún. Ìyẹn lè jẹ́ ìṣubú ojú kan lásán. Ibi tó yẹ kí ọkàn yín fò ni ìdí ọrùn férémù, níbi tí irin ń dá hándù dúró bí ẹ bá yí i tán. Bí irin yẹn bá wọnú tàbí tó ya, báìkì náà ti gbá nǹkan kan gidigidi. Fèérìn S wọ́n, nítorí náà ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Lórí ìwé: nọ́ńbà férémù àti ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, mu. V5C kò sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni báìkì, olùtọ́jú ló pè é, torí náà ẹ béèrè rìsíìtì tó fi rà á. Ìtàn MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gov.uk: ẹ máa ka máìlì ọdọọdún, kí ẹ sì ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ, torí “ìpẹtà díẹ̀” tó wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ẹ san owó kékeré láti mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀ tàbí bóyá ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Cat S (ìbàjẹ́ dé férémù) àti Cat N (kò dé férémù) ni wọ́n ń kọ fún irú báìkì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2017. Cat C àti D ni ti àtijọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ńkọ́? MOT tuntun ju ọ̀dà tuntun lọ. Ẹ to rìsíìtì bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn, ẹ ya àwòrán táyà, ṣéènì, ìsàlẹ̀ páìpù àti ibi tó ti ha, kí ẹ sì kọ àléébù náà sínú ìpolówó, torí oníbàárà tó bá fúnra rẹ̀ rí i á dín owó ní ìlọ́po méjì. Bí sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ bá ṣì wà nílé, ẹ gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ló máa béèrè rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ gùn ún wò, ẹ wo ìwé àṣẹ àti ìdójútòfò rẹ̀, kí iye owó náà gan-an wà lọ́wọ́ yín kó tó gbé e. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ tó bá fi sílẹ̀ fún yín kò tó ohun ìdúró. Bó bá jẹ́ pé báńkì ló fi ránṣẹ́, áàpù tiyín ni kí ẹ fi rí owó náà, kì í ṣe fóònù tirẹ̀.

Ẹni tó ra á gba bébà aláwọ̀ ewé ara V5C. Ẹni tó tà á sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Owó orí ọkọ̀ kì í bá báìkì lọ: DVLA á dá èyí tó kù padà fún ẹni tó tà, ẹni tó rà á sì gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ kó tó gbé e sójú títì. Bí ẹ bá sì ń rà á láti kó o lọ sí Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí DVLA mọ̀ pé ó ti jáde kúrò nílùú pátápátá, kí ẹ sì kó páàdì bíréèkì, fíltà àti abọ́ kíláàṣì sínú àpótí kan náà pẹ̀lú rẹ̀.