Àgbéyẹ̀wò: katakata MB-trac kékeré ní ìwọ̀n 1:32 tí mo fi ọwọ́ ara mi tò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi to katakata kékeré yìí, àwòṣe tí ó wá ní ẹ̀yà-ẹ̀yà nínú páálí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ti ọkọ̀ gidi, lórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ilé awakọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ rà á. Bàbá mi wa Massey Ferguson 135 fún ọ̀pọ̀ ọdún ní fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì Ìkẹ́nnẹ́, katakata tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé agboòrùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn àga ni gbogbo ààbò tí awakọ̀ ní lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ẹni tí ó bá dàgbà nídìí irú rẹ̀ kò ní í bi mí léèrè ìdí tí ilé awakọ̀ onígíláàsì fi máa ń wù mí.

Ọdún 1972 ni Mercedes-Benz ti Jámánì kọ́kọ́ pàtẹ MB-trac, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní 1973, wọ́n sì dá a dúró ní 1991. Nínú ọ̀pọ̀ katakata, ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń jókòó sí, láàárín táyà ńláńlá méjì. Ti MB-trac yàtọ̀: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ilé awakọ̀ wà láàárín gbùngbùn, àyè sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ tí àgbẹ̀ lè gbé táǹkì oògùn tàbí àpótí ajílẹ̀ lé. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ìsọ̀ kékeré onígíláàsì tí wọ́n gbé ka orí ọkọ̀.

Résìn, irú ike líle kan, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀yà àwòṣe náà. Táyà, ẹ́ńjìnnì àti férémù ìsàlẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ní púpọ̀ láti sọ nípa wọn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo fi to gbogbo wọn.

Ilé awakọ̀ ni ìṣòro wà. Nígbà tí mo fi wé àwòrán ojúlówó, mo rí i pé òrùlé rẹ̀ fi mìlímítà 2 ga jù. Ẹlòmíràn lè ní kí ni mìlímítà 2 já mọ́, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 1:32, mìlímítà 64 ni lára ọkọ̀ gidi, ojú sì máa ń rí i kí ọkàn tó mọ ohun tí ó rí. Ńṣe ni mo fi sanpépà ha ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ọ̀kan dá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lu ihò bíńtín sí ojú méjèèjì ibi tí ó ti dá, mo ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ̀ ọ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Gíláàsì rẹ̀ ló dùn mí jù. Ike tí wọ́n fi sínú páálí nípọn, ó sì ń rú ojú, bẹ́ẹ̀ irú ilé awakọ̀ báyìí kò ní ẹwà mìíràn ju fèrèsé rẹ̀ lọ. Mo tún ṣàṣìṣe, mo fi súpà gúlù lẹ èyí àkọ́kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èéfín gúlù náà ti bò ó funfun báláú. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń di ìwé ní Ìbàdàn Gáréèjì, mo ra ike tí ó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé, mo gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́. Gúlù yẹn kì í ru èéfín, bí ó bá sì gbẹ, kò ní àwọ̀ kankan.

Ẹ má ṣe fọ́n fánísì, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a fi ń bo ojú ọ̀dà, sí i lásìkò òjò. Bí fánísì ṣe ń gbẹ ni ojú rẹ̀ ń tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì bà lé e, á wá funfun bí omi ògì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù kẹjọ lórí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ó ti gún régé. Mo fi sanpépà olómi pa á rẹ́, mo sì dúró di ọ̀sán ọyẹ́ kí n tó fọ́n òmíràn.

₦92,000 ni ó ná mi pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Fún ẹni tí ó ti to ọkọ̀ kékeré méjì tàbí mẹ́ta rí, tí ó sì ṣe tán láti gé fèrèsé fúnra rẹ̀, owó náà kò pọ̀ jù. Akọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tí ó tà á nípa gíga òpó náà, wọn kò tíì dá mi lóhùn. Ní báyìí, táǹkì oògùn tí yóò jókòó sẹ́yìn ilé awakọ̀ ni mo ń gbẹ́ lọ́wọ́, nítorí òun ni bàbá mi kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.