Yamaha PSR-S970 àti ohùn pedal steel: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń fi í ṣeré jùjú l'Ádó-Èkìtì

Tí ẹ bá ń wá kíbọ́ọ̀dù tí yóò ké bíi pedal steel, gìtá onípẹ́dà tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin yí lórí okùn, nínú ẹgbẹ́ jùjú, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye ohùn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹsẹ̀ yín lè ṣe lórí rẹ̀. Ìyẹn ló mú mi di Yamaha PSR-S970 mú títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2015 ni wọ́n ti gbé e jáde, tí àwọn ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti ń pè é ní kíbọ́ọ̀dù àwọn bàbá.

Adó-Èkìtì ni mo wà. Ọjọ́ Àìkú, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jímọ̀ àti Sátidé, òde ìnáwó ni. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa: tí Oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ wa ti Èkó àti òkè òkun dé, òkú àgbà lónìí ní Ìkẹ́rẹ́, òmíràn lọ́la ní Ìkọ̀lé. Àwọn àgbà tó ń jókòó lábẹ́ kánópì níbẹ̀ kò gọ̀ létí. Wọ́n ti gbọ́ King Sunny Adé nígbà tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta pedal steel lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ Jim Reeves, olórin country ará Amẹ́ríkà, lórí rédíò nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Tí ẹ bá fi ohùn fèrè tàbí ti saxophone dí ibi tó yẹ kí irin yẹn ti ké, wọn kò ní bú yín. Wọ́n á kàn máa bá iyán wọn lọ.

Ojúlówó pedal steel wúwo, ó wọ́n, àtirí ẹni tí yóò tún un ṣe tó bá bàjẹ́ kò rọrùn. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sín ohun èlò jẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gìtá ni pedal steel, àmọ́ kì í sí lọ́rùn ẹni tó ń ta á. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń ta á ló ń jókòó ti í. Ọ̀pá irin kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tó ń yí lórí okùn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ta okùn, pẹ́dà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, irin mìíràn tún wà tó ń fi orúnkún tì sọ́tùn-ún sósì. Láti Hawaii ni fífi irin yí okùn gìtá ti wá, àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá so pẹ́dà mọ́ ọn. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Webb Pierce, olórin country, kan tó gbajúmọ̀ ní 1954, Bud Isaacs tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó ń ta á ní Nashville, ìlú orin country, ti fẹ́ kí tiwọn náà máa ké bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pá irin ọwọ́ òsì máa ń gbé gbogbo ohùn lọ pa pọ̀. Pẹ́dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sol-fa wò ó, torí pé a mọ̀ ọ́n láti inú ẹgbẹ́ akọrin. Ká ní doh, mi, soh ló ń dún lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún okùn ṣe tí wọ́n ń pè ní E9. Pẹ́dà A yóò fa soh lọ sí lah. Doh àti mi kò ní mira. Pẹ́dà B yóò fa mi lọ sí fah. Tí wọ́n bá tẹ méjèèjì pọ̀, doh, fah, lah ló kù: a ti kúrò ní kọ́ọ̀dù kìíní bọ́ sí ìkẹrin, síbẹ̀ doh wà lójú kan tó wà tẹ́lẹ̀. Orúnkún náà lè fa doh wá sílẹ̀ sí te nígbà tí àwọn yòókù dúró. Ohùn kan dúró, òmíràn ń yọ́ lọ bá a tàbí ń yọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ń mú kí ó dà bíi pé irin ń sunkún nìyẹn.

Orí kíbọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Pitch bend, wheel ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń fa ohùn sókè sísàlẹ̀, ni gbogbo wa máa ń sáré lọ bá. Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù, ẹ ti wheel sókè, gbogbo rẹ̀ á gòkè pọ̀. Ọ̀pá irin nìyẹn, kì í ṣe pẹ́dà. Ó wúlò tí ẹ bá fẹ́ yọ́ wọnú ọ̀rọ̀ orin láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ṣe é ṣáá, á máa dún bíi tẹ́ẹ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

Kí n tó lọ sórí bí mo ṣe tò ó, ẹ jẹ́ kí n mú ohùn kúrò lọ́nà. Ohùn tí wọ́n kọ “Steel Guitar” sí lára nínú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 26 nínú General MIDI (ìlànà tó ń to nọ́ńbà ohùn kíbọ́ọ̀dù kí ó lè bára mu), kì í ṣe ohun tí à ń wá. Gìtá onígi lásán tí okùn rẹ̀ jẹ́ irin ni. Kò sí pedal steel rárá nínú ohùn 128 tí General MIDI fi bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Inú GM2, General MIDI ẹlẹ́ẹ̀kejì, ló ti wọlé, wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ Jazz Guitar, nọ́ńbà 27. S970 gba GM2, nítorí náà ó ní in. Ohùn yẹn kò burú. Ó mọ́, ó tutù díẹ̀, ó tètè ń kú. Àwọn kan ń kó owó lé ohùn tuntun tí wọ́n ń rà sórí flash, kí wọ́n má bàa rí mi bí ọ̀tá, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Clean guitar (gìtá iná tí ohùn rẹ̀ mọ́) lásán tí ẹsẹ̀ bá a ṣiṣẹ́ dáadáa yóò jọ pedal steel ju ohùn pedal steel olówó ńlá tí a kàn ń tẹ̀ bíi piano lọ. Mo ti fi méjèèjì ṣeré níwájú ọ̀gá ẹgbẹ́ wa láìsọ èwo ni èwo, clean guitar ló ní òun fẹ́.

Ohun tí S970 ní tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni GLIDE. Tí ẹ bá wọ Function, tí ẹ lọ sí Controller, ẹ ó rí i láàárín iṣẹ́ tí ẹ lè gbé fún pẹ́dà. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ohùn á yọ́ lọ sí ibi tí ẹ ní kó lọ. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, á yọ́ padà. Ẹ lè sọ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, iye ìlàjì ohùn (semitone) tí yóò fi rìn, bí yóò ṣe yá tó ní lílọ àti ní bíbọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ lè yan apá kíbọ́ọ̀dù tí yóò kàn: LEFT, RIGHT 1, RIGHT 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Mo pín kíbọ́ọ̀dù sí méjì, LEFT àti RIGHT 1, mo pa RIGHT 2. Ohùn kan náà ni mo gbé sí méjèèjì. Mo gbé octave LEFT sókè kí ọwọ́ òsì lè máa dún nítòsí ọwọ́ ọ̀tún, kí ó má bọ́ sí ibi tí bass ń jẹun. Nínú Mixer, mo fi Pitch Bend Range ti LEFT sí 0, kí wheel má lè fi ọwọ́ kàn án. Mo wá gbé GLIDE fún pẹ́dà kìíní: UP, 2, RIGHT 1 nìkan. Ó tán. Tí orin bá wà ní G, ọwọ́ òsì á di G mú, ọwọ́ ọ̀tún á tẹ D, ẹsẹ̀ á tẹ pẹ́dà: D á yọ́ di E, G kò ní mira, bass á sì bọ́ sí C lábẹ́ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é níbi ìdánrawò, onígìtá wa yí ojú padà wo ẹ̀yìn.

Ibi tí mo fi àkókò ṣòfò sí, tó sì yẹ kí ẹ̀yin náà fi àkókò sí, ni yíyára rẹ̀. Tí GLIDE bá yá jù, àwọn ènìyàn á rò pé ìka yín ló bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Tí ó bá lọ́ra jù, ohùn á ṣì wà lọ́nà nígbà tí kọ́ọ̀dù ti yí. Fún jùjú tí kò le jù, mo dín lílọ rẹ̀ kù títí etí fi ń gbọ́ ìrìn rẹ̀, mo jẹ́ kí bíbọ̀ yá jù ú lọ díẹ̀. Mo fi èyí sí Registration (bọ́tìnnì tó ń pa ètò mọ́) kìíní. Ìkejì, GLIDE rin ìlàjì ohùn kan péré, fún mi sí fah. Ìkẹta, DOWN, fún doh sí te. Ìkẹrin, LEFT ni mo fún ní GLIDE, RIGHT 1 dúró, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń rìn lórí pedal steel tí tòkè á dúró gbọin.

Pẹ́dà kejì jẹ́ ti volume, FC7, pẹ́dà Yamaha, ni mo lò. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó ń ta pedal steel kì í gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí volume, torí pé òun ló fi ń bo ojú títa okùn, òun náà ló fi ń gbé ohùn ró nígbà tó bá fẹ́ kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́, bí ohùn ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa ti ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo lórí gbogbo ohùn, kí ó lè máa wú bíi violin. Ẹ̀ẹ̀kan nínú orin dára. Tó bá ju ìyẹn lọ, ó ti di àṣejù.

Mo gbìyànjú láti fi FC7 mìíràn ṣe pitch bend dípò GLIDE, kí ẹsẹ̀ mi lè pinnu bí ohùn ṣe ń yára lọ, bí wọ́n ti ń ṣe lórí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ó dùn mọ́ mi ní yàrá. Lóde, rárá: FC7 kò ní sípíríìngì tó ń dá a padà, ibi tí ẹ bá fi í sí ló ń wà. Tí gìgísẹ̀ yín kò bá délẹ̀ tán, ohùn yín kò ní bá ti ẹgbẹ́ mu, ẹ ó sì máa wá onígìtá tí kò tún okùn rẹ̀ ṣe. Mo padà sórí GLIDE. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bákan náà ló ń yọ́ nígbà gbogbo. Bí inú yín bá dùn, bí inú yín bá bàjẹ́, kò kàn án.

Àbùkù yòókù kò ṣòro sọ. Ihò pẹ́dà méjì péré ló wà, ẹ ti lò wọ́n tán, nítorí náà sustain (pẹ́dà tó ń di ohùn mú) kò sí. Ìka ni kí ẹ fi di ohùn mú. Apá méjì ni ẹ pín kíbọ́ọ̀dù sí, nítorí náà ohùn tó dúró àti ohùn tó ń rìn nìkan lẹ lè ní. Ohùn mẹ́ta tí méjì nínú wọn ń rìn ìrìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi pẹ́dà A àti B tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, kò ṣeé ṣe níhìn-ín. Tí ẹ bá sì ń lo style (ìlù àti orin tí kíbọ́ọ̀dù ń dá ṣe), ACMP, apá rẹ̀ tó ń tẹ̀lé kọ́ọ̀dù, á gbà pé kọ́ọ̀dù ni ọwọ́ òsì yín ń tẹ̀, á máa tẹ̀lé e kiri. Ẹgbẹ́ tó ní onílù ni ètò yìí wà fún.

Vibrato (gbígbọ̀n ohùn): ọwọ́ kò ní ráyè fún wheel. Ẹ wọ Voice Set, ẹ fún un ní vibrato díẹ̀ tó lọ́ra, kí delay rẹ̀ gùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí PSR-E, kíbọ́ọ̀dù Yamaha kékeré, wà lọ́wọ́ yín, ihò sustain kan ṣoṣo ló ní, ètò GLIDE kò kàn yín. Ẹ gbọ́ Floyd Cramer, ẹni tó tẹ piano fún Jim Reeves; ìka lásán ló fi ń ṣe tirẹ̀. Ẹ di soh mú lókè, ẹ tẹ ray, kí ẹ sì yọ́ ìka bọ́ sórí mi kíákíá nígbà tí soh ṣì ń dún. Kò ní yọ́ dénú, àmọ́ etí á gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ra S970 tòkunbọ̀, kó mú pẹ́dà tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ, kó ki í bọ ihò méjèèjì kó tó sanwó. Ẹ béèrè iye owó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, torí dọ́là.

Lóde, ẹ jókòó. Kò sí bí ẹ ṣe lè dúró tẹ pẹ́dà méjì láìṣubú lé onígángan. Onígángan náà, ẹ fetí sí i: nígbà tó bá ń ki ọlọ́jọ́, tó ń fa ohùn sókè sódò, kí ẹsẹ̀ yín sinmi. Ohùn méjì tó ń yọ́ pọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oríkì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń mójú tó sound pé reverb ti wà lórí rẹ̀ láti inú kíbọ́ọ̀dù, kó má fi kún un, kó gé bass rẹ̀ kúrò, kó sì fi í sísàlẹ̀ gìtá díẹ̀.