Ẹ ṣọ́ra fún TV box tí wọ́n kọ "8K" sí lára: àwòrán SD tí kò mọ́ tó ni wọ́n ń tà fún wa

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbèrò láti ra TV box (àpótí kékeré tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó lè gbé sinimá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó yọ owó lápò.

Oṣù tó kọjá ni mo ra ọ̀kan ní Ìkẹjà, ₦45,000. Wọ́n kọ "Ultra HD 8K" gàdàgbà sára páálí rẹ̀, àmì Netflix àti ti YouTube sì wà níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á bóyá yóò gbé 4K, àwòrán tó mọ́ kedere ju HD lọ, dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 8K lẹ ń wò yìí, ẹ tún ń béèrè 4K?" Ó tan fídíò kan fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù: òdòdó, ẹja aláràbarà, omi tó ń dà láti orí àpáta. Ó ń dán gbinrin. Mo sanwó.

Ibẹ̀ gan-an ni gbájúẹ̀ náà wà. Orí fláàṣì ni fídíò yẹn wà, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì wà lórí fláàṣì kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kó tó dán.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti ìyàwó mi jókòó ti sinimá Yorùbá kan lórí Netflix tó dá lórí ayé àtijọ́. Ìran kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iná fìtílà nìkan ló wà nínú yàrá. Ẹni tó ya irú ìran bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí iná náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, kí ojú rọra wọ inú òkùnkùn lọ, síbẹ̀ kí a ṣì rí omijé ẹni tó dúró lẹ́yìn. Ohun tí àwa rí ni àwọn nǹkan onígun mẹ́rin dúdú dúdú tó ń fò kiri lára ògiri. Awọ àwọn òṣèré, awọ dúdú tó yẹ kó ní pupa díẹ̀ àti dídán díẹ̀ nínú, wá dà bí amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ pa. Ọba wọ aṣọ òkè, mi ò rí òwú kan ṣoṣo lára rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti sún, ìlà aṣọ náà á máa gbọ̀n bíi pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo mọ iye ọjọ́ tí aláṣọ fi ń hun irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọlọ́jà. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi ni kò dára. Mo ṣí fast.com tí a fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé 30 Mbps jáde. Netflix fúnra wọn sọ pé 15 Mbps tó fún 4K, 5 sì tó fún 1080p, ìyẹn HD kíkún. Owó Netflix Premium ni mo sì ń san, òun nìkan ló ní 4K nínú. Ìyàwó mi ló tú àṣírí náà: ó ṣí sinimá kan náà lórí fóònù rẹ̀, ibi kan náà, Wi-Fi kan náà. Ó mọ́ kedere. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri, a sì rí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn. Fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ń ṣe dáadáa ju tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55!

Àbúrò ìyàwó mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ṣàlàyé fún wa. Google ní àgádágodo kan tó ń jẹ́ Widevine, òun ni àwọn iléeṣẹ́ sinimá fi ń ti fíìmù wọn pa kí wọ́n má bàa jí i. Bí àgádágodo náà bá wà nínú ṣíìpù ẹ̀rọ, L1 nìyẹn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi HD àti 4K ránṣẹ́ sí. Bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà lásán ló gbé e dání, L3 ni. Wọn kò fọkàn tán an, torí náà Netflix kì í fún un ju SD lọ. L3 ni tèmi.

Tẹlifíṣọ̀n 4K ní àmì kéékèèké (pixel) tó lé ní mílíọ̀nù 8. Àwòrán SD tó ní ìlà 480 kò ní ju nǹkan bí 410,000 lọ. Ẹyọ kan ni box náà ń nà títí yóò fi ṣe iṣẹ́ ogún. Bí 8K ara páálí bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ohun tí box lè tì jáde ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n gbà kó wọlé. Bí dátà bá sì ti kéré, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gé e, ìdí nìyẹn tí ìran alẹ́ fi máa ń bàjẹ́ ṣáájú ìran ọ̀sán.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so box mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín, kí wọ́n sì fi áàpù DRM Info, tó ń fi irú àgádágodo inú ẹ̀rọ hàn, sórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí L3 níbi Widevine, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. L1 nìkan kò tó o, Netflix náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí irú box yẹn. Ẹ wo rìmóòtù: bó bá jẹ́ ọfà kékeré lẹ ń wọ́ kiri nínú Netflix, áàpù Netflix ti fóònù ni wọ́n rọ sínú rẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ti àwòrán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0: àwọn kan ń ki sọ́fítíwíà burúkú sínú irú àwọn box báyìí, nígbà mìíràn kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, wọ́n á sì máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì ilé oníbàárà ṣe iṣẹ́ ibi. Mo ti yọ tèmi kúrò lórí Wi-Fi, mo sì ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail àti Netflix mi. Ọlọ́jà kò gbé ìpè mi mọ́. Bí irú box yìí bá wà nílé yín, ẹ fà á yọ lónìí, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ohun tí ẹ bá ti fi í wọlé sí.