Gèlè Tó Ṣófo: Bí Mo Ṣe Fi FreeCAD Sọ Surface Di Solid

"Ìwọ ọmọ yìí, òfìfo lo gbé wá fún mi." Ohun tí bàbá tó ni ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ nǹkan, ní Mushin sọ nìyẹn lẹ́yìn tó ṣí fáìlì mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń wá ọ̀nà láti fowó lé iṣẹ́ ni. Àṣé òótọ́ ló ń sọ.

Iṣẹ́ Alájà kan tó ń ta lọ́fínńdà ní Balógun ni. Ó fẹ́ kí ìdérí ìgò tirẹ̀ rí bíi gèlè, kí oníbàárà rí i lókèèrè kó mọ̀ pé ọjà Alájà nìyẹn. Ẹnì kan ti bá a ya gèlè náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì rẹwà gan-an. Àmọ́ fáìlì IGES ni, irú fáìlì àwòrán kọ̀ǹpútà kan. Ojú 47 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ò sì so mọ́ èkejì.

Kẹ́ ẹ tó ní kí ló burú níbẹ̀: surface, ìyẹn irú ojú lásán yìí, kò nípọn rárá, bébà gan-an nípọn jù ú lọ. Aṣọ tí télọ̀ ti gé tí kò tíì rán ni. Apá wà nílẹ̀, ọrùn wà nílẹ̀, ẹ̀wù ò sí. Solid ni kọ̀ǹpútà mọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìta. Òun ló ṣeé gbẹ́ ihò sí, òun ló ṣeé wọn bí ike tó máa gbà ṣe pọ̀ tó. Èmi sì fẹ́ gbẹ́ ibi tí ọrùn ìgò máa wọ̀ sínú gèlè. Inú wo ni mo fẹ́ gbẹ́?

FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, mi ò ní purọ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ fà mí, torí owó ìdérí ìgò kò lè gbé dọ́là téèyàn á máa san lóṣooṣù. Ọdún 2002 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ẹ̀dà 1.0 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2002 ti lè di agùnbánirọ̀.

Workbench ni FreeCAD ń pe àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan; inú Part workbench niṣẹ́ wà. Ẹ ṣí Shape Builder, ẹ yan Shell from faces, ẹ mú gbogbo ojú, ó máa rán wọn pọ̀ di èèpo kan, òun ni shell. Ó kan Solid from shell. Bí fáìlì yín bá mọ́, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tèmi ò mọ́. Ó rán an tán, kò yọ solid, Check Geometry, irinṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, ní kò pa dé. Ni mo bá ń yí gèlè náà po, mò ń sún mọ́ etí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá iná orí lórí ọmọdé. Ìsàlẹ̀ ò ní ojú kankan. Ìyẹn rọrùn, mo fi Face from edges dí i. Ìṣẹ́po kan lápá òsì ló fẹjú sí mi: àlàfo tí kò tó 0.2 mm, tójú ò lè rí bí èèyàn ò bá sún mọ́ ọn dáadáa. Mo yọ ojú tó kúrú tó fa àlàfo yẹn dànù, mo bọ́ sí Surface workbench, mo yan etí àwọn ojú tó yí i ká, Filling sì na òmíràn sí i. Mo tún un rán. Solid yọ. Mo fi Cut gbẹ́ ihò ọrùn ìgò, mo fi STEP, irú fáìlì tó lè gbé solid, ránṣẹ́ sí Mushin.

"Ẹn-ẹ́n, èyí ní inú."

Ohun tí mi ò fẹ́ nípa Shape Builder ni pé kò fún mi láyè láti sọ bí àlàfo tó lè gbójú fò ṣe lè tóbi tó. Ẹni tó bá gbọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lè fi àṣẹ sewShape sọ ọ́. Èmi ò gbọ́ ọ púpọ̀.

Ní ti STL, irú fáìlì tó ń fi àwọ̀n onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ (mesh) ya nǹkan, ẹ má tan ara yín. Create shape from mesh wà, Convert to solid náà wà, ó sì máa ṣe é. Tó bá jẹ́ àpótí gbọọrọ ni, ojú onígun mẹ́ta 12 ló máa kó wọlé, Refine shape á sọ wọ́n di 6, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá rí roboto ni ìjàngbọ̀n. Ojú wẹ́wẹ́ yẹn á wà bẹ́ẹ̀, Refine ò lè sọ wọ́n di òbìrí. Mo gbé bọ́tìnnì fáànù kan tí ojú rẹ̀ lé ní 80,000 sí i, epo jẹnẹrétọ̀ tán kó tó parí. Mo kúkú fi vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ń há nǹkan sẹ́nu, wọn bọ́tìnnì náà, mo yà á látìbẹ̀rẹ̀, kò gbà mí ní wákàtí kan.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún FreeCAD nínú márùn-ún.

Alájà ti rí àpẹẹrẹ ìdérí rẹ̀, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. "Ọmọ mi, dákun, ṣé ìṣẹ́po yẹn ò lè wà lápá ọ̀tún?" Mirror wà nínú Part, kò tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò sọ fún un pé kò tó ìṣẹ́jú kan.